Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Àwọn Olùgbọ́ Rẹ̀: Ìtàn Ìdúróṣinṣin Olùgbọ́ ní Èkó láti 1929

Orúkọ tí àwọn baba wa sọ rédíò nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Bí a bá tú orúkọ náà palẹ̀, ohun tí ó ń wí ni pé ẹ̀rọ yìí a máa sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Ènìyàn lè kí i, ó lè bú u, ó lè bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún gbólóhùn kan sọ. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó ń bá lọ. Orúkọ náà dùn létí, ó sì bá bí nǹkan ṣe rí lójú mu. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé ìtàn kò gbe orúkọ náà lẹ́yìn tán. Àwọn olùgbọ́ kò fi ìgbà kan ṣíwọ́ láti máa wá ọ̀nà tí wọn yóò fi fèsì. Ẹni tí wọ́n bá sì rí tí ó gba èsì wọn, òun ni wọ́n ń bá lọ, ibi yòówù tí ó bá kó ohùn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún ti di tuntun lóde òní nítorí pódíkáàsì, ìyẹn àwọn ètò tí a gbà sílẹ̀ tí a sì ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí olúkúlùkù lè gbọ́ ọ nígbà tí ó bá wù ú. Àwọn oníṣòwò ń béèrè pé kí ni olùgbọ́ ń bá dúró: ṣé ètò ni, ṣé atọ́kùn ètò ni, àbí ọ̀nà tí ohùn náà gbà dé etí rẹ̀? Wọ́n ń béèrè rẹ̀ bí ẹni pé àná ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dáyé. Ní Èkó, pàápàá ní apá Mènílándì láti Yàbá dé Sùúrùlérè àti Múṣin, ìbéèrè náà ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ń pè ní ìdúróṣinṣin. Kì í ṣe kí ènìyàn fẹ́ràn ohun kan lásán. Ìyá tí ó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ojúwòyè mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oníbàárà àti ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ. Oníbàárà ni ẹni tí yóò padà wá bí ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn tilẹ̀ dínwó jù, tí yóò sì béèrè ohun tí ó ṣe ìyá náà bí kò bá bá a lọ́jà. Irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá kiri nínú ìtàn.

Kí rédíò tó dé Èkó rárá ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ní 1928 ni Isaac B. Thomas dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀. Nígbà tí ó di 1929 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, èyí tí obìnrin Èkó kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ fi ń ròyìn ayé tí ó ti jẹ àti ìyà tí ayé jíjẹ náà wá mú bá a. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1930 ni àwọn lẹ́tà náà parí tí wọ́n sì di ìwé, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ lítíréṣọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Àwa olùkọ́ a máa ṣe àríyànjiyàn lórí bóyá ipò àkọ́kọ́ yẹn tọ́ sí i. Àríyànjiyàn náà kò kàn wá lónìí. Ohun tí ó kàn wá ni ìwà àwọn òǹkàwé. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nípa obìnrin náà. Wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń yìn ín fún ìkìlọ̀ tí ó ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn kan sì gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni, pé ó wà ní àdúgbò kan nínú ìlú. Thomas ń tẹ èsì wọn jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà, Sẹ̀gilọlá sì ń dá wọn lóhùn nínú lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ dáadáa. Òǹkàwé kò ra Akéde Èkó nítorí bébà tí a fi tẹ̀ ẹ́; ìwé ìròyìn Yorùbá mìíràn wà ní Èkó nígbà náà. Ó rà á nítorí ohùn kan. Ohùn náà ń padà wá ní àkókò tí òǹkàwé mọ̀, ó ń dárúkọ òpópó àti orin tí òun pẹ̀lú mọ̀, ó sì ń fi hàn pé òun gbọ́ ohun tí a wí. Nínú èrò tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn atọ́kùn ètò ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé atọ́kùn náà kò sí láyé rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn mú rédíò wọ Èkó. Kì í ṣe èyí tí ó ń gba afẹ́fẹ́ wá sínú ilé ènìyàn. Wáyà ni wọ́n fà láti ilé-iṣẹ́ kan dé inú ilé àwọn tí ó lè san owó oṣooṣù, wọ́n sì so ó mọ́ àpótí kékeré kan. Ètò tí BBC ń sọ láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wáyà náà ń gbé wá. Olùgbọ́ kò lè yan ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ó lè gbé ohùn náà sókè, ó lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbàdàn rí tirẹ̀ ní 1939. Níbi tí kò ti sí yíyàn, ó ṣòro láti sọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin. Ẹni tí ó ní ìyàwó kan ṣoṣo kò lè fọ́nnu pé òun kò ní ààyò.

Síbẹ̀ àwọn olùgbọ́ kò dákẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1951, lábẹ́ T. W. Chalmers tí ó wá láti BBC, wọ́n fi ìlù dùndún ṣe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó lu ìlù náà mọ ohun tí wọ́n fi í sọ, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé fún un ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní Ìbàdàn, wọ́n ní ohun tí ìlù náà ń béèrè ni ẹni tí yóò jẹ oyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Ẹ̀fẹ̀ ni, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àkọ́kọ́ èsì tí a fún asọ̀rọ̀mágbèsì: a gba ohùn tí ìjọba rán sí wa, a fi ìtumọ̀ ti ilé wa sí i.

Ọ̀rọ̀ èsì yìí kò pẹ́ kí ó tó di ọ̀ràn ìlú. Ní òpin oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro dá àbá kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Àbá náà dá ìjà sílẹ̀, àwọn mínísítà ẹgbẹ́ Action Group sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Gómìnà John Macpherson lọ sórí rédíò, ó sì bá wọn wí. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà láàyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò gbà fún un. N kò mọ ibòmíràn nínú ìtàn wa tí orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì ti rò ju ibí yìí lọ. Àtúbọ̀tán rẹ̀ ni pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn jà fún ẹ̀tọ́ láti ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 31 oṣù Kẹwàá 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, òun sì ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà; ilé-iṣẹ́ rédíò ti ẹkùn náà, WNBS, tẹ̀lé e. Ìgbà yìí ni olùgbọ́ Yorùbá kọ́kọ́ rí ohun tí ó lè yàn, nítorí rédíò alágbèéká oníbátìrì ti ń wọ ọjà pẹ̀lú. Ìdúróṣinṣin sí ilé-iṣẹ́, tí mo sọ pé kò sí ní 1935, wá wà báyìí. Ìdúróṣinṣin ti òṣèlú ni: ènìyàn ń gbọ́ Ìbàdàn nítorí pé Ìbàdàn jẹ́ tiwa.

Ó yẹ kí a rántí bí irú èyí ti máa ń tètè bàjẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí ó dá rúgúdù sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọkùnrin kan tí ó mú ìbọn dání wọ ilé-iṣẹ́ kan náà, ó sì fi téèpù mìíràn rọ́pò èyí tí Olórí Ìjọba S. L. Akíntọ́lá ti sọ̀rọ̀ sí. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká nítorí ọ̀ràn náà, ilé-ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Àwọn tí ó jókòó ti rédíò ní alẹ́ ọjọ́ náà rò pé ohùn tí àwọn mọ̀ ni àwọn yóò gbọ́. Wọ́n gbọ́ pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé ní 1959 ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Láti ìgbà náà ni mo ti rí i pé ìfẹ́ àwọn olùgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó ń lọ bá ènìyàn. Ẹ̀rí rẹ̀ hàn nínú orin kí ó tó hàn nínú ètò rédíò. Ní 1974, ìjà dé láàárín Sunny Adé àti Olóyè Bọ́láńrinwá Abíọ́rọ̀ tí ó ni ilé-iṣẹ́ African Songs, ọ̀ràn náà sì dé ilé-ẹjọ́. Sunny Adé dá ilé-iṣẹ́ àwo-orin tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ. Ta ni ó tilẹ̀ ń wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó wà láàárín àwo? Nínú fújì, tí ó jáde láti inú wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1980, ẹni tí ó bá ń gbé Múṣin kò lè sọ pé òun fẹ́ràn Barrister àti Kollington bákan náà kí wọ́n má fi ojú onísọkúsọ wò ó.

Ní 1977 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé-iṣẹ́ rédíò tirẹ̀ sílẹ̀. Radio Lagos, tí ó ń sọ Yorùbá, mú «Tiwa n tiwa» ṣe orúkọ àpèjẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Mènílándì ti pàdé ẹni tí mo kà sí àgbà nínú gbogbo atọ́kùn ètò Yorùbá tí ìran mi gbọ́, Gbénga Adébóyè, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Fúnwọntán. Wọ́n bí i ní 1959, ó sì kú ní 30 oṣù Kẹrin 2003, kò tíì pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Òun kan ṣoṣo ni yóò jókòó nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìwọ yóò gbọ́ bàbá arúgbó, ìwọ yóò gbọ́ obìnrin oníjà, ìwọ yóò gbọ́ ará Ìjẹ̀bú àti ará Ọ̀yọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, wọn yóò sì máa bá ara wọn jiyàn. Ó pe ara rẹ̀ ní Alhaji, ó tún pe ara rẹ̀ ní Pasitọ, ó sì tún pe ara rẹ̀ ní Olúwo, kí ẹlẹ́sìn kankan má baà rò pé wọ́n yọ òun sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan a máa fojú kéré irú iṣẹ́ yìí, wọn a ní àwàdà ni. Wọn kò tíì gbìyànjú láti kọ ojú-ewé kan ṣoṣo tí ohùn mẹ́rin yóò ti sọ̀rọ̀ láìdárúkọ, tí ẹni tí ó ń gbọ́ kò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ Adébóyè ni pé ó yanjú ìṣòro asọ̀rọ̀mágbèsì láìsí ẹ̀rọ kankan. Àwọn ènìyàn tí ó ń dá sílẹ̀ nínú ètò ń sọ ohun tí olùgbọ́ fẹ́ sọ. Bí aláṣẹ kan bá sọ ìsọkúsọ, ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà yóò dá a lóhùn kí aránṣọ tí ó ń gbọ́ ní Sùúrùlérè tó ya ẹnu. Nítorí náà ni olùgbọ́ ṣe rò pé òun náà wà nínú ètò. Ó sì tún ṣe ohun kejì: ó gbé ohùn náà sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ètò bá kọjá mọ́ lórí rédíò lè rà á ní Ìdúmọ̀tà tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ó ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó sì gbọ́ ọ nígbà tí ó bá wù ú, kí ó dá a dúró, kí ó yí i padà. Àwọn oníwàásù náà rìn lọ́nà yìí. Kásẹ́ẹ̀tì wáàsí Sheikh Muyideen Àjàní Bello, ẹni tí ó kú ní oṣù Kejìlá 2024, kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú mọ́tò àti ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ pe ohun yìí ní orúkọ tí ó bá wù yín. Lójú tèmi, pódíkáàsì ni kí ọ̀rọ̀ náà tó dáyé.

Ẹ̀rí kan wà tí ó dà bí ẹni pé ó tako mi, ó sì yẹ kí n mú un wá. Ní 4 oṣù Kẹfà 1996 ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá ní Ìkẹjà. Ní ọdún kan náà ni àwọn ajìjàgbara tí ó wà lókè òkun, tí Ṣóyínká àti Káyọ̀dé Fáyẹmí wà lára wọn, fi orúkọ rẹ̀ sọ rédíò kan tí ó ń gba ìgbì kúkúrú wọ ilẹ̀ wa, Radio Kudirat. Àwọn ènìyàn rẹ ohùn rédíò sílẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi etí sí i. Níhìn-ín, wọn kò tẹ̀ lé atọ́kùn kankan. Ọ̀nà náà gan-an ni wọ́n dúró tì, nítorí gbogbo ọ̀nà yòókù wà lọ́wọ́ ìjọba ológun. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ ènìyàn ni wọ́n sọ ọ́, kì í ṣe ti ìlú tàbí ti ẹgbẹ́.

Èyí tí ó tẹ̀lé e kò gba àlàyé púpọ̀. Òfin ọdún 1992 fàyè gba aládàáni láti dá rédíò sílẹ̀. Raypower bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1994. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká wọlé ní 2001. Láti ìgbà náà ni olùgbọ́ ti lè fèsì lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan di ìlú-mọ̀ọ́ká nípa pípe ètò lórí fóònù nìkan; bí wọn kò bá pè fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn olùgbọ́ yòókù yóò béèrè wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó fa atọ́kùn ara wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá fa atọ́kùn ti fa agbo.

Ọ̀rọ̀ «podcast» jáde ní 2004. Lẹ́yìn ètò bẹ́ẹ̀, wáyà kan wà tí a kò fi ojú rí, tí wọ́n ń pè ní RSS: fáìlì kékeré ni, tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ yòówù tí ó bá béèrè pé ètò tuntun ti jáde, àti ibi tí a ti lè mú un. Ó yàtọ̀ sí wáyà ọdún 1935 pátápátá. Tọ̀hún kò mú ohun mìíràn wá ju èyí tí ìjọba fẹ́. Èyí kò mú ohun mìíràn wá ju èyí tí olùgbọ́ béèrè. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ń gba ètò jọ bá kú, wáyà náà kò kú. Stitcher ti ìlẹ̀kùn ní 2023, Google Podcasts ti tirẹ̀ ní 2024. Àwọn tí ó ń gbọ́ ètò níbẹ̀ kó lọ síbòmíràn, ètò wọn sì bá wọn lọ. Ní Amẹ́ríkà, Spotify fi owó ńlá gba ètò Joe Rogan sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nìkan ní 2020, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní 2024, wọ́n jẹ́ kí ètò náà tún máa jáde níbòmíràn. Owó náà ra ohùn. Kò lè ra gbogbo etí.

Nílé wa, Spotify dé ní 2021, ṣùgbọ́n àwọn ètò ti wà ṣáájú rẹ̀. Ètò I Said What I Said, tí Fẹ́yìíkẹ́mi Abúdù àti Jọlá Ayéyẹ bẹ̀rẹ̀ ní 2017, kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Èkó jọ nítorí pé àwọn obìnrin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ méjì ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí àgbà nítòsí. Nítorí owó dátà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Múṣin kì í gbọ́ ètò tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ni yóò gé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ó dùn jù nínú rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a ó sì máa gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti nínú dáńfó. Kásẹ́ẹ̀tì ni ó padà wá sí ayé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbọ́ ọ kò mọ orúkọ ètò, wọn kò mọ ilé-iṣẹ́ tí ó gbé e jáde. Ohùn ni wọ́n mọ̀.

Èdè tí ohùn náà ń sọ ni ó ń kọ mí lóminú. Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ètò wọ̀nyí, bí wọ́n tilẹ̀ ń bu Yorùbá sí i bí iyọ̀. Ó yani lẹ́nu pé BBC, tí ó gba wáyà wọlé ní 1935 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá iṣẹ́ ìròyìn Yorùbá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2018. Kì í ṣe pé àwọn olùgbọ́ Yorùbá ti tán. Àwọn tí ó gbọ́ Fúnwọntán ṣì wà, àwọn ọmọ wọn sì wà pẹ̀lú. Àwọn tí ó lè ṣe ètò tí ó jinlẹ̀ ní Yorùbá ni wọ́n rò pé ẹni tí ó ní fóònù olówó ńlá kò fẹ́ gbọ́ Yorùbá. Ìrò yìí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nínú ìtàn tí mo ti ń sọ bọ̀.

Ohun mìíràn tún wà. A lè ka Sẹ̀gilọlá lónìí, àti èsì àwọn òǹkàwé rẹ̀, nítorí pé bébà ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Karin Barber sì tún un tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012. Òfin Ilé-Ìkàwé ti Orílẹ̀-Èdè, ti ọdún 1970, pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá tẹ ìwé ní Nàìjíríà fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé náà. Ọ̀kan nínú àwọn ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yàbá, kò jìnnà sí àwọn yàrá tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gba pódíkáàsì sílẹ̀.   Púpọ̀ nínú ohun tí a ṣì lè gbọ́ lára ètò Gbénga Adébóyè, kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn ni ó ti wá. Àwọn kan nínú wọn ti gbé e sórí YouTube, pẹ̀lú ariwo mọ́tò tí ó ń kọjá lóde ní ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀.